Nọ́ọ̀tì Tí Kareem Kò Yí Le

Ọkùnrin tó ni ìtàn yìí ló bẹ̀ wá pé kí a bá òun sọ ọ́. Ó ní bó bá jẹ́ ẹnu òun ni òun fi sọ ọ́, òun á fo ibi tó dun òun jù. Nítorí náà àwa la ó sọ ọ́, bó ṣe rò ó fún wa gan-an.

Kareem Ládélé ni orúkọ rẹ̀. Rìwáyà ni, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìkàrẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Àkùngbá. Ní ọdún 2011 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni.

Raliat ìyàwó rẹ̀ ti lo ọdún méjì nínú sàréè nígbà náà. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà ní Àbújá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń pè é lórí fóònù. "Bàbá, ṣé ara yín le?" "Ara mi le." Ọ̀rọ̀ á tán.

Bó bá délé, á tan rédíò. Kò bìkítà ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, kí ohùn ènìyàn ṣáà ti wà nínú ilé. Nígbà mìíràn, á tẹ ẹ̀bà tán kó tó rí i pé ti ènìyàn méjì lòun tẹ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta, tí ọkọ̀ ògbólógbòó kan aláwọ̀ ewé yà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.

"Ìwọ ni rìwáyà?"

"Èmi ni, sà."

"Zacchaeus Adébíyìí ni mí. Tíṣà fẹ̀yìntì ni mí, Ìwàrò-Ọ̀kà ni mo ń gbé. Éèsì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nínú ọkọ̀ mi kò fẹ́ mọ́. Mo yí i sí oókan, mo yí i sí ẹẹ́rin, kò fọhùn. Ìyàwó mi ní ikọ́ fée, ọ̀dọ̀ dókítà ní Ìkàrẹ́ níbí ni mo máa ń gbé e wá. Bí a bá ṣí gíláàsì, eruku á fún un lọ́rùn. Bí a bá tì í, ooru á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Jọ̀wọ́, bá mi wò ó."

"Ṣé Màmá wà nínú ọkọ̀ ni?"

"Ó wà nílé. Orúnkún kì í jẹ́ kó jáde bí kò bá pọn dandan."

Kareem bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fúùsì ló kọ́kọ́ yọ wò, kò jó. Ó dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fi tẹ́sítà kan wáyà tó ń gbé iná wọ mọ́tò tó ń yí abẹ̀bẹ̀ éèsì. Tẹ́sítà tàn. Ó fi ìdí súkúdíráfà gbá mọ́tò náà jẹ́jẹ́. Abẹ̀bẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, ó tú eruku jáde, ó sì dákẹ́.

"Ó ti gbọ́!" Tíṣà pariwo.

"Kò tíì gbọ́ o, sà. Ó kàn ta jí ni. Iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí mò ń wá báyìí ni bóyá iná náà ń rọ́nà padà."

"Iná a máa padà ni?"

"Bó bá lọ tí kò padà, kò lè ṣiṣẹ́ kankan, sà."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó fa táyà kan mọ́ra, ó jókòó lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ní ọdún tí òun kọ́kọ́ ṣe tíṣà ní Afin-Àkókó, bàbá àgbẹ̀ kan fa ewúrẹ́ wọ kíláàsì òun. Àgbẹ̀ náà ní ibà ń ṣe ọmọ òun, kí wọ́n má sì pa orúkọ ọmọ náà rẹ́ nínú ìwé, kí ewúrẹ́ bá a jókòó sáyè rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá.

"Kí lẹ wá ṣe, sà?"

"Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo pe orúkọ ọmọ náà, ewúrẹ́ ké 'mẹ̀ẹ́', mo fàmì sí i."

Kareem bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rín ọ̀hún pọ̀ débi pé ó gbá orí mọ́ irin. Ẹ̀rín ara rẹ̀ wá ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Kò rántí ìgbà tó gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Wákàtí mẹ́ta kọjá kó tó rídìí àìsàn ọkọ̀ náà. Ìpata ti jẹ nọ́ọ̀tì tó de wáyà áàtì mọ́ ara ọkọ̀, ìyẹn wáyà tó ń dá iná padà. Ó tú u, ó fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀ títí ó fi dán bíi sílífà, ó sì dá wáyà padà sí àyè rẹ̀. Ó yí nọ́ọ̀tì náà sí i. Abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, atẹ́gùn tútù jáde.

Ó ku kó fi sípánà yí i le.

Ó gbójú sókè, ó rí Tíṣà tó ń wo agogo ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá yí nọ́ọ̀tì yìí le, á tó ọdún mẹ́wàá kó tó tún yọnu. Bàbá yìí á wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìwàrò, ó parí. Òun á délé, òun á tan rédíò.

Ó dá sípánà padà sínú àpótí. Ìka méjì ló fi yí nọ́ọ̀tì náà, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ní kí a sọ fún yín pé ojú òun kò dí. Òun mọ̀ pé gbágungbàgun ojú ọ̀nà Àkùngbá yóò mi nọ́ọ̀tì náà títí yóò fi dẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ kejì, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé dé.

"Kareem, ó tún ti dákẹ́ o."

"Háà, Tíṣà! Ẹ má bínú. Ẹ jókòó, kí n wò ó."

Ó ti wo ohun tó fẹ́ wò kí Tíṣà tó jókòó, ṣùgbọ́n ó fi ìdajì ọjọ́ tú ohun tí kò bàjẹ́, ó sì ń tò ó padà. Nígbà tí Tíṣà fẹ́ sanwó, ó kọ̀.

"Iṣẹ́ tí mo ti gbowó rẹ̀ ni, sà. Kò bójú mu."

"Olóòótọ́ ènìyàn nìwọ ọkùnrin yìí!"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Kareem lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò gún un tó láti mú sípánà.

Bẹ́ẹ̀ ló di àṣà. Bí ọkọ̀ bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, á dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Kareem ra bẹ́ǹṣì onígi kan sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí Ọjọ́bọ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, á gbálẹ̀, á ra ẹ̀pà bíbọ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí epo kò tíì ba. Àwọn oníbàárà mìíràn á dé, á ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Ó ti mọ orúkọ gbogbo ọ̀gá ilé ìwé tí Tíṣà bá ṣiṣẹ́ rí. Tíṣà náà ti mọ bí Raliat ṣe kú, pé àárọ̀ ló ní orí ń fọ́ òun, nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ti lọ. Kareem kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí bó ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, tòun ti bó ṣe bá a jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Tíṣà kò sọ pé, "Ọlọ́run á tù ọ́ nínú." Ó kàn bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́, ó sì jókòó tì í.

Ẹ wò ó, ta ló fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má wá mọ́?

Ẹ̀ẹ̀kẹfà tó wá, oṣù karùn-ún ti ń lọ sópin. Ojú Tíṣà fà ro.

"Kareem, òjò ti dé. Bí òjò bá ń rọ̀ tí abẹ̀bẹ̀ yìí kò bá fẹ́, èémí wa á bo gíláàsì iwájú, n kì í ríran. Ìbíyínká ìyàwó mi ní kí n gbé ọkọ̀ yìí fún rìwáyà kan tó wà ní Ìwàrò, Ọlálẹ́yẹ. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ yìí bíi tìrẹ."

Kareem mú sípánà lọ́jọ́ náà. Ó ti gbé e lé nọ́ọ̀tì, ó ku kó fà á, nígbà tí Tíṣà tún sọ̀rọ̀.

"Bó bá ti dára báyìí, n kò ní í yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó tó gẹ́ẹ́."

Sípánà dúró lórí nọ́ọ̀tì. Kareem ní òun ṣì ń rántí bó ṣe tutù tó lọ́wọ́ òun títí di òní. Ó yọ ọ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, lẹ́yìn náà òun á yí i le.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Fóònù Kareem dún, ó sì rí orúkọ Tíṣà. Inú rẹ̀ dùn.

"Kareem, a ti já sí kòtò."

"Níbo?"

"Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Àkùngbá. Ikọ́ fée ló dìde sí Ìbíyínká láàárọ̀, mò ń gbé e bọ̀ ní Ìkàrẹ́. Òjò ò jẹ́ ká ṣí gíláàsì. Abẹ̀bẹ̀ dákẹ́. Ìyàwó mi ń mí hẹlẹhẹlẹ, gíláàsì bò, mò ń fi áńkáṣíìfù nù ún. Mò ń nù ún lọ́wọ́, n kò rí kọ́nà. Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣẹ́, Kareem. Àwọn ọlọ́kadà ló fà wá jáde."

Kareem kò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wọn lọ.

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fojú rí Ìbíyínká. Obìnrin kúkúrú kan ni, irun rẹ̀ ti funfun, wọ́n fi nǹkan bò ó nímú kó lè mí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, ó ti wú. Nígbà tí wọ́n yọ ohun tó bo imú rẹ̀, ó wò ó.

"Ìwọ ni Kareem," ó ní. "Mo ti mọ̀ ọ́ kí n tó rí ọ. Gbogbo ohun tí o bá wí ni Bàbá máa ń wá sọ fún mi. Ọlọ́run á san án fún ọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà lo ṣiṣẹ́ fún wa tí o ò gbowó."

Kareem gbé ọsàn àti búrẹ́dì tó rà sílẹ̀. Ó jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó fi iwájú orí ti ògiri nínú òjò.

Ká ní ó padà wọlé lọ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá mọ níbẹ̀. Kò padà wọlé. Ibi tó dúró sí ló ti gbọ́ tí Tíṣà ń sọ lórí fóònù pé wọ́n ti fa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ọlálẹ́yẹ ní Ìwàrò. Ohun tó kàn wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun débẹ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi sípánà kan sí àpò ṣòkòtò, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìwàrò.

Ó ti pẹ́. Ẹsẹ̀ Ọlálẹ́yẹ ló kọ́kọ́ rí, ó yọ jáde láti inú ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá," Ọlálẹ́yẹ kí i nígbà tó jáde. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó mọ Kareem lójú. "Ẹ̀yin lẹ ń tún ọkọ̀ yìí ṣe, àbí?"

"Èmi ni. Mo ní kí n wá ràn ọ́ lọ́wọ́ ni. Jẹ́ kí n bá ọ wo ti abẹ̀bẹ̀ yẹn."

"Ọ̀gá, ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn. Mọ́tò dára. Wáyà dára. Wọ́n ti fi sáńpépà ha ojú áàtì, ó ń dán. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì rèé." Ó na àtẹ́lẹwọ́. "Ìka ni mo fi tú u. Kò sí àpá sípánà kankan lára rẹ̀. Báwo lẹni tó mọ iṣẹ́ tó báyìí ṣe máa gbàgbé?"

"Kò gbàgbé."

Ẹ̀yìn wọn ni ohùn náà ti wá. Tíṣà dúró níbẹ̀, bàǹdéèjì wà níwájú orí rẹ̀. Ó wá kó ẹrù tó kù nínú ọkọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé.

"Mo ti kọ́ ọmọ ní ìwé fún ọdún márùndínlógójì," Tíṣà ní. "Mo mọ ojú ọmọ tó gbàgbé iṣẹ́ àṣetiléwá, mo sì mọ ojú èyí tí kò fẹ́ ṣe é. Kareem, wò mí."

Kareem kò lè wò ó.

"Ṣé owó lo fẹ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Mo mọ̀ pé owó kọ́. Ìwọ lo kọ owó. Kí wá ni? Kí ni mo ṣe fún ọ?"

Ọlálẹ́yẹ ti rọra gbé nọ́ọ̀tì náà lé orí ọkọ̀, ó sì ti kúrò níbẹ̀. Kareem wo ilẹ̀, ó wo bàtà Tíṣà tí ẹrẹ̀ ṣì gbẹ mọ́.

"Mo fẹ́ kí ẹ máa wá ni, sà."

"Kí ni o wí?"

"Bí ọkọ̀ bá dára, ẹ ò ní í wá mọ́."

Tíṣà kò pariwo. Kareem ní ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún òun.

"Nọ́ńbà mi wà lórí fóònù rẹ. Ǹjẹ́ o pè mí rí lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ mi ò bàjẹ́?"

"N kò pè yín, sà."

"O ò pè mí. O ò wí pé, 'Tíṣà, ẹ yà sọ́dọ̀ mi.' Ẹ̀mí ìyàwó mi lo fi ta tẹ́tẹ́." Ó mú nọ́ọ̀tì náà lórí ọkọ̀, ó fi í sí àpò. "Lọ sọ fún un fúnra rẹ. N kò ní í bá ọ sọ ọ́."

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n gbé Ìbíyínká wálé. Ọjọ́ kẹfà ni Kareem lọ. Ó kúnlẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ọkùnrin tó ti ní ọmọ ọmọ, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tíṣà wà nínú yàrá, kò jáde.

Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ohun funfun líle tí wọ́n fi dè é.

"Ṣé ti ọwọ́ yìí lo rò pé ó ń dùn mí?" ó bi í.

"Màmá, ẹ foríjì mí."

"Ọwọ́ á jinná. Dìde, kí o jókòó, kí n lè rí ojú rẹ." Ó dúró kó mí. "Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Bàbá á ní, 'Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ fún Kareem, n kò ní í pẹ́.' Orúnkún mi ò gbé mi dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Àwọn ọmọ mi ò sí nílé. Èmi nìkan á jókòó sórí àga yìí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ikọ́ bá mú mi, ògiri ni màá máa wò. Mo ní, ó dáa, ọkọ̀ ló bàjẹ́, nítorí tèmi ló fi lọ tún un ṣe. N kò bínú."

Kareem gbójú sókè wo àga náà.

"O rò pé ìwọ nìkan lo dá wà. Ọwọ́ mi lo ti gba ọkọ mi, kí ìwọ lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹfà! Ì bá ṣe pé ọkọ̀ dára, Bàbá ì bá gbé èmi náà dání. Èmi náà ì bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ, ká jọ jẹ ẹ̀pà yẹn."

Kareem ní òun ti gbọ́ èébú rí, wọ́n ti gbá òun létí rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dà bí ọ̀rọ̀ yẹn.

"Máa lọ sílé," obìnrin náà ní. "Ó ti rẹ̀ mí."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́jọ tí Kareem kò fi tẹ ojú ọ̀nà Ìwàrò. Ó tẹ Tíṣà láago lẹ́ẹ̀mẹta, Tíṣà kò gbé e. Ọlálẹ́yẹ kò rò ó fún ẹnikẹ́ni, èyí ló yà á lẹ́nu. Iṣẹ́ ń wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀, àwọn oníbàárà ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń tẹ fóònù wọn, ó ń bá wọn yí gbogbo nọ́ọ̀tì le kankan, wọ́n sì ń lọ.

Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kò lè mú un mọ́ra. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìwàrò, kò mú irinṣẹ́ kankan dání. Ìbíyínká ló bá lórí àga ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò nà tán mọ́.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá kí yín ni, Màmá."

Obìnrin náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó fi àgbọ̀n júwe àga tó wà ní ìkángun kejì. Kareem jókòó. Wọn kò bá ara wọn sọ nǹkan kan títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì ní mọ́sálásí. Ó dìde pé òun ń lọ.

"O lè wá lọ́jọ́ mìíràn," obìnrin náà ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. N kò sọ ti Bàbá."

Ohun tí Kareem ní kí a bá òun sọ fún ẹni tó bá ń ka ìwé yìí kò ju ẹyọ kan lọ: bí o bá fẹ́ rí ènìyàn, lọ bá a, tàbí kí o pè é. Má ṣe ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ kó lè wá bá ọ.

Ó ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́yìn ìgbà náà. Òun àti Màmá ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tíṣà kò tíì jáde sí i rí. Inú yàrá ló máa ń wà, lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. Bí ọ̀ọ̀dẹ̀ bá dákẹ́, Kareem á máa gbọ́ ọ tó ń ṣí ìwé ìròyìn, ojú ìwé kan, òmíràn, òmíràn. Kò mọ̀ bóyá Tíṣà ń kà á, tàbí ó kàn ń tẹ́tí sí wọn.